Iná pupa orí ẹ̀rọ oní-afẹ́fẹ́: Ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ tàn, ìgbà wo ló sì lè kú?

Ní alẹ́ ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 2014, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan gbéra láti ìlú Hereford ní ìpínlẹ̀ Texas, ó ń lọ sí Highmore ní ìpínlẹ̀ South Dakota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Òkùnkùn ti kùn, kùrukùru sì ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé ojú kò ríran jìnnà mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, ọkọ̀ náà fara gbá apá ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mọ̀nàmọ́ná ní gúúsù ìlú náà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú.

Nígbà tí NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, parí iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹ̀bi ka orí ìpinnu awakọ̀ láti máa fò nísàlẹ̀ nínú ojú ọjọ́ tó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Iná pupa tó yẹ kó máa ṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àjọ náà sì kà á mọ́ ohun tó dá kún ikú wọn. Àwọn olùwádìí fi kún un pé bí awakọ̀ náà bá rí iná àwọn ẹ̀rọ tó yí i ká, ó ṣeé ṣe kó rò pé àlàfo tó ṣókùnkùn láàárín wọn jẹ́ ọ̀nà tí kò sí ìdíwọ́ kankan níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè Jámánì ṣe òfin tó ní kí irú iná bẹ́ẹ̀ wà ní pípa fún ọ̀pọ̀ wákàtí òru. Kì í ṣe pé wọn kò ka ẹ̀mí awakọ̀ òfurufú sí. Ẹjọ́ àwọn tó ń sùn lábẹ́ iná náà lóru ọjọ́ gbogbo ni wọ́n gbọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ iná kékeré yìí ti di ohun tí àwọn aṣòfin, onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn aláṣẹ ojú òfurufú jọ ń fà.

Kí ni iná náà wà fún?

Ilé gíga sábà máa ń wà nínú ìlú, iná ojú fèrèsé rẹ̀ a sì máa fi í hàn lókèèrè. Ẹ̀rọ oní-afẹ́fẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú pápá, orí òkè tàbí àárín òkun ni wọ́n ń gbé e sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láìsí ìdíwọ́ tí kò sì sí ìmọ́lẹ̀ mìíràn nítòsí. Òpó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, apá mẹ́ta tó ń yí lórí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ láyé ìsinyìí ló ga ju 200 mítà lọ, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ títí dé ṣóńṣó apá rẹ̀ tó nà sókè.

Ọkọ̀ òfurufú ńlá tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí London kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú wọn, nítorí ó ti wà lókè réré. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni àwọn tó ń fò nísàlẹ̀: hẹlikópítà tó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru, ti ọlọ́pàá, ti ológun, àti ọkọ̀ kékeré aládàáni bí irú èyí tó jábọ́ ní Highmore. Fún irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, iná pupa orí ẹ̀rọ ni ohun kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ lè rí nínú òkùnkùn biribiri.

Ta ló fi òfin rẹ̀ lélẹ̀?

Gbòǹgbò òfin náà wà nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ìlú Chicago lọ́dún 1944, èyí tó bí àjọ ICAO tó ń mójútó ìrìnnà òfurufú lágbàáyé. Ìlú Montreal ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ náà wà, orílẹ̀-èdè 193 ló sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára wọn. Àfikún Kẹrìnlá ìwé àdéhùn náà, tó dá lórí pápákọ̀ òfurufú, ní orí kan tó sọ nípa ohun gíga tó lè dínà ọkọ̀, ó sì ya ẹ̀rọ oní-afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ níbẹ̀.

Ìlànà náà ní kí wọ́n kun apá ẹ̀rọ, ilé ẹ̀rọ tó wà ní orí òpó, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta òpó náà láti òkè wá sílẹ̀ ní àwọ̀ funfun, kó lè hàn lójú ọ̀sán. Ní ti òru, iná ni ó kàn. Bí ẹ̀rọ kò bá ga tó 150 mítà, orí ilé ẹ̀rọ ni iná rẹ̀ ń wà. Bí ó bá ga tó 150 mítà títí dé 315 mítà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi iná kejì kún un kó lè rọ́pò bí àkọ́kọ́ bá kú, kí wọ́n sì fi àwọn iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ yí òpó ká ní agbedeméjì. Iná pupa tí wọ́n sábà ń lò lóru ní agbára 2,000 candela. Candela kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là kan.

Níbi tí ẹ̀rọ bá pọ̀ sí, kò pọn dandan kí gbogbo wọn ní iná. Àwọn tó wà létí pápá ni a ń fi iná sí jù, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí pápá náà dé. Ní Amẹ́ríkà, àlàfo àárín iná kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì máìlì lọ, ìyẹn nǹkan bíi 800 mítà. Gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí awakọ̀ má baà rò pé ohun tó yàtọ̀ síra ni wọ́n.

ICAO ló ń fi ìlànà lélẹ̀, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ yà kúrò nínú ìlànà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjọ náà mọ̀. Ìdí nìyí tí òfin kò fi bára mu. Ní Amẹ́ríkà, ohun tó bá ti ga ju 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ìyẹn mítà 61, ti wọ inú ohun tí àjọ FAA ń béèrè iná lórí rẹ̀. Ní Jámánì, 100 mítà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi bó bá tó 150 mítà lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín òkun, 60 mítà ti tó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí iná tiwọn dúró gangan láìṣẹ́jú. Àwọn ará Jámánì ní kí tiwọn tàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó kú fún ìdajì, kó tún tàn fún ọ̀kan, kó wá kú fún ọ̀kan àtààbọ̀. Awakọ̀ tó bá ń fò láti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ní láti kọ́ èdè iná wọn.

Kí ló dé tí àwọn aráàlú fi ń ráhùn?

Ní Nordfriesland àti Dithmarschen, ní etí Òkun Àríwá ilẹ̀ Jámánì, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sí òkè tó lè bo ohunkóhun lójú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ oní-afẹ́fẹ́ pọ̀ sí bí igi oko. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, iná pupa orí wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, a sì máa hàn dé ọ̀nà jíjìn, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tó ṣe awakọ̀ láǹfààní, pé kí gbogbo iná máa ṣẹ́jú pa pọ̀, gan-an ló mú kó nira fún ẹni tó wà nílẹ̀ láti gbójú kúrò níbẹ̀, nítorí gbogbo ìpẹ̀kun ojú ọ̀run ló ń tàn tó sì ń kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tí kò bá gbé irú ibẹ̀ rí lè rò pé ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì fara mọ́ ìró rẹ̀ àti òjìji apá rẹ̀ lọ́sàn-án, ni òru wọn tún ń kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò gba ẹ̀rọ mìíràn mọ́, ètò ìjọba láti fi afẹ́fẹ́ rọ́pò èédú yóò dúró. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba tẹ́tí. Àwọn tó ń wo ìràwọ̀ náà ní ẹjọ́ tiwọn, pàápàá ní apá àríwá ilẹ̀ Scotland níbi tí òkùnkùn òru ti jẹ́ ohun tí àwọn àlejò ń wá wò.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà dín ìnira náà kù ni pé kí iná máa bá ojú ọjọ́ lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sórí òpó láti máa wo bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó. Ní Jámánì, bí a bá lè rí ohun tó wà ní ìwọ̀n kìlómítà márùn-ún, iná lè lọ sílẹ̀ sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Bí ó bá ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, ó lè dé ìdá 10. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gba ìdá 10, bí ojú bá ríran ju kìlómítà márùn-ún lọ yí ká. Ìdí rẹ̀ yé ọmọdé: iná tí kò lágbára púpọ̀ hàn nínú òru tó mọ́, ṣùgbọ́n inú kùrukùru nílò iná tó lágbára.

Ẹyẹ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan, tó jáde lọ́dún 2009, fi hàn pé iná pupa tó dúró gangan máa ń fa àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri lóru mọ́ra, wọ́n a sì máa kú lábẹ́ òpó. Níbi tí wọ́n ti yọ irú iná bẹ́ẹ̀ kúrò tó ku èyí tó ń ṣẹ́jú nìkan, iye ẹyẹ tó kú dín kù ju ìdajì lọ. Lọ́dún 2015, FAA yí ìlànà rẹ̀ padà lórí àwọn òpó gíga nítorí rẹ̀. Ohun tó ń dí èèyàn lójú, ìyẹn ṣíṣẹ́jú, ni ó gba ẹyẹ là.

Iná tó ń sùn títí ọkọ̀ yóò fi dé

Ọ̀nà kejì ló fa àríyànjiyàn jù. Dípò kí iná máa tàn láti alẹ́ dòwúrọ̀, kí ló dé tí kò lè kú, kó wá tàn nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń bọ̀ nìkan? Ní ìgbèríko tí ọkọ̀ kì í sábàá gbà kọjá lóru, òkùnkùn á padà sípò rẹ̀.

Láti ṣe é, ohun kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ojú òfurufú. Ní Amẹ́ríkà, iná gbọ́dọ̀ ti tàn kí ọkọ̀ tó wọ ìwọ̀n máìlì òkun mẹ́ta sí pápá ẹ̀rọ, ìyẹn kìlómítà márùn-ún àtààbọ̀, àti ìwọ̀n 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè èyí tó ga jù níbẹ̀. Jámánì ní tirẹ̀ fi í sí 4,000 mítà yí ká àti 600 mítà lókè. Ọkọ̀ tó ń sáré 200 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rin 4,000 mítà náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 72. Gbogbo àkókò tí awakọ̀ ní láti rí iná, kó mọ ohun tó jẹ́, kó sì yà, kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ṣọ́nà. Rádà ń ran ìtànṣán jáde, ó sì ń gbọ́ èyí tó bá ara ọkọ̀ padà. Ó lè rí ọkọ̀ tí kò fọhùn rárá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì nílò ìwé àṣẹ láti lo ìgbì rédíò. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n máa tẹ́tí sí transponder, ẹ̀rọ kékeré inú ọkọ̀ tó ń kéde ibi tí ọkọ̀ wà. Èyí rọrùn, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀, nítorí ẹ̀rọ agbọ́hùn kan lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ pápá. Àléébù rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí transponder rẹ̀ bá bàjẹ́, tàbí tí wọ́n pa á, bí àwọn ológun ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn, yóò gba ibẹ̀ kọjá láìsí ẹni tó gbọ́ ọ.

Lórí ohun kan, ẹnu gbogbo wọn kò: bí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́nà bá kọṣẹ́, iná gbọ́dọ̀ tàn fúnra rẹ̀, kó sì máa tàn títí wọn yóò fi tún un ṣe. Òkùnkùn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èso ìbàjẹ́ ẹ̀rọ.

Jámánì: òfin tí wọ́n sún síwájú nígbà mẹ́rin

Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni òfin Jámánì jáde, ó sì dá ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2020 fún àwọn tó ni ẹ̀rọ, àtuntun àtògbólógbòó. Ọjọ́ náà kò ṣeé ṣe. Nígbà tí òfin ń jáde, rádà nìkan ni ìlànà gbà láyè, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ díẹ̀ ni kò sì lè gbé owó rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni ìjọba tó gba transponder wọlé, nígbà tí ó ku oṣù méjì péré kí gbèdéke pé. Irú ẹ̀rọ tuntun yìí sì tún nílò àyẹ̀wò àti ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó lè tà á.

Wọ́n sún ọjọ́ náà sí àárín ọdún 2021, lẹ́yìn náà sí ìparí 2022, sí ìparí 2023, àti níkẹyìn sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ oní-afẹ́fẹ́ rẹ̀ lé ní 28,000, tí àwọn iléeṣẹ́ tó lè ṣe iṣẹ́ náà kò sì pọ̀, ni wọ́n ń retí kó parí rẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ká sọ òtítọ́, àwọn aṣòfin ló fi ẹṣin síwájú kí wọ́n tó wá ìjánu. Síbẹ̀, òfin náà ní eyín: ẹni tí kò bá tẹ̀lé e lè san ìtanràn tí wọ́n ń ṣírò lórí kílówáàtì kọ̀ọ̀kan, lóṣooṣù.

Ìlànà ọdún 2020 yẹn tún yanjú ìṣòro kan tí ojú lásán kò lè rí. Awakọ̀ hẹlikópítà tó ń lo awò ìríran òru lè má rí àwọn iná LED pupa kan, nítorí awò náà kì í gba irú àwọ̀ pupa yẹn wọlé. Nítorí náà, wọ́n ní kí àwọn oní-ẹ̀rọ fi ìtànṣán infrared kún un. Awò náà ń rí i kedere, ṣùgbọ́n ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń tàn.

Amẹ́ríkà: ta ló láṣẹ lórí òkùnkùn?

Ìjọba àpapọ̀ ló ni ojú òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Gómìnà kan kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n pa iná tí FAA ní kó tàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2015 tí FAA ti kọ ìlànà nípa iná tó ń dúró de ọkọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ rí ojú ọ̀nà kan: wọ́n ń fipá mú àwọn iléeṣẹ́ láti lọ tọrọ àyè rẹ̀. North Dakota ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2017. Kansas àti Washington tẹ̀ lé e lọ́dún 2023. FAA ló ń yẹ ibi kọ̀ọ̀kan wò, ó sì lè kọ̀, bí àpẹẹrẹ níbi tó bá sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú jù.

Ìlànà FAA kan náà ní kí ẹni tó ni ohun gíga máa ṣọ́ iná rẹ̀. Bí iná òkè tàbí èyí tó ń ṣẹ́jú bá kú ju 30 ìṣẹ́jú lọ, ó gbọ́dọ̀ fi tó aláṣẹ létí lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀.

Níbo ni ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Pápá ẹ̀rọ oní-afẹ́fẹ́ tó tóbi jù ní apá ibí wà ní Taiba N'Diaye, lágbègbè Thiès lórílẹ̀-èdè Senegal. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ẹ̀rọ 46 ló wà níbẹ̀, àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ 158.7 mẹgawáàtì, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó 180 mítà dé ṣóńṣó apá. Wọ́n ti kọjá 150 mítà tí ICAO fi ṣe ààlà, agbègbè Thiès kan náà sì ni pápákọ̀ òfurufú Blaise Diagne tó ń sin Dakar wà. Ní Cape Verde, ẹ̀rọ 30 tí kò ga tó ìyẹn ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù mẹ́rin láti bí ọdún 2012.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ 37 tí wọ́n gbé sí Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina, tí agbára gbogbo wọn jẹ́ 10 mẹgawáàtì, kéré sí ti Senegal gan-an, òpó wọn ò ju mítà 55 lọ. Iná pupa tí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ jù ni ti orí òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun. Àjọ NCAA ló ń fún àwọn tó fẹ́ gbé òpó náà ró ní ìwé àṣẹ lórí gíga rẹ̀, kó má baà dí ọkọ̀ lọ́wọ́.

Bí orílẹ̀-èdè kan lápá ibí bá fẹ́ wo àwòkọ Jámánì, ọyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà lè mú kí ojú má ríran tó kìlómítà kan, àwọn pápákọ̀ òfurufú a sì máa dá ọkọ̀ dúró nítorí rẹ̀. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gba kí wọ́n dín iná kù rárá. Ìṣòro kejì ni ti iná mọ̀nàmọ́ná fúnra rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ oní-dísù ló ń gbé ọ̀pọ̀ òpó ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ró, bí epo bá sì tán, bí bátìrì kò bá gbà á, iná orí òpó á kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní Jámánì, àríyànjiyàn dá lórí bí wọn yóò ṣe pa iná tó ń tàn déédéé. Níhìn-ín, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ ni kí iná tó yẹ kó tàn máa tàn, kí ẹnìkan sì wà tó ń kà á lálaalẹ́.